Bí Gìrìpá Ṣe Kú Nínú Fíìmù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí iṣẹ́ tí o ń fi etí ṣe. Inú mi yóò dùn bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, pẹ̀lú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀. Àwa náà wà dáadáa. Orúnkún mi ń ṣe tirẹ̀, èmi náà ń ṣe tèmi, a ò sì dí ara wa lọ́wọ́ púpọ̀. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti gbé àga pálọ̀ kúrò lójú fèrèsé, nítorí náà bí o bá dé, má kàn jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí. Ilẹ̀ ni yóò gbà ọ́.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá tó ní fóònù lápò tún ń kọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, mo sì mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù, màá ní kò séwu, màá bi ọ́ bóyá o ti jẹun, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Fíìmù tí ẹ ṣe nípa ogun tí a jà, tí o fi ránṣẹ́, dé. Ọkọ àbúrò ìyá rẹ ló bá wa so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, a sì pe Gìrìpá àti ìyàwó rẹ̀ láti òdìkejì òpópónà. O mọ̀ pé bí a bá yọ ìyá rẹ kúrò, kò sí ẹni tí mo tún bá pẹ́ tó ọkùnrin náà. Agọ́ kan náà la jọ sùn lójú ogun. Tínínrín ló rí láti ìgbà náà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wa sọ ọ́ ní Gìrìpá. Kò sí ilé tí kò tíì rán kọ́tìnnì fún ní òpópónà yìí, síbẹ̀ mi ò rò pé ẹnì kan ṣì mọ orúkọ àbísọ rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ rẹ wú wa lórí. O ti ṣàlàyé fún mi rí pé àwòrán àtijọ́ tí wọ́n yà lójú ogun wọ̀nyẹn kò ní ohùn kankan, pé ìwọ lo máa ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn, tí o sì ń rìn tẹ̀ lé wọn nínú yàrá kan, lórí yẹ̀pẹ̀ tí ẹ kó sínú àpótí, kí ìró lè bá ẹsẹ̀ mu. Àwàdà ni mo pè é nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí agọ́ wa nínú fíìmù náà, mo rí i tí Gìrìpá fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sókè nínú pálọ̀ mi, níbi tí oòrùn ti ń ràn. Ìyá rẹ ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́ òjò tó rọ̀ kí a tó bí i." Mo ní ọmọ ta ni tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan afárá. O mọ ibi tí mò ń wí. Àwọn sójà ń sáré bọ̀ lórí afárá onígi, ẹnu gbogbo wọn là, ẹrù ń já bọ́ lára wọn, ìbọn sì ń dún lẹ́yìn wọn láìsinmi. Àwòrán wá mì tìtì, o fi bọ́ǹbù sí i, ọkùnrin tínínrín kan tó so ìkòkò mọ́ ẹ̀yìn ṣubú lulẹ̀, ojú fíìmù sì ṣókùnkùn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ròyìn fi ohùn ìsìnkú sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé òdìkejì. Ìyàwó Gìrìpá wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, etí yín kọ́ nìyẹn?" Etí rẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹni tó bá ti rí etí Gìrìpá lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣì í mọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, Gìrìpá fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo wa. Ó ní a ti pa òun, a ò sì pe òun síbi òkú. Ó ní kí ìyàwó òun tètè wá ọkọ mìíràn kí ọjà tó tú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tẹlifíṣọ̀n ti ń fi ibẹ̀ gan-an polówó fíìmù náà, pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò wò ó ní ìparí oṣù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin rí i, ó dá etí náà mọ̀, ó sì bi í pé, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀ ń sá lọ ni wọ́n ṣe yìn yín níbọn lẹ́yìn?" Ọmọ náà ò ní i lọ́kàn láti rí i fín, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi níwájú ilé, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ̀yìn ni ìbọn ti bá mi, ọ̀rẹ́. Èmi. Tí mo bá wá kú lóòótọ́, fíìmù yẹn ni wọ́n á máa wò. Bá mi sọ fún ọmọ wa kó jẹ́ kí n dìde."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ki bírò bọ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi náà fẹ́ wo ẹ̀yìn fún un. Láti kékeré lo ti ń bi mí nípa ogun, èmi a sì ní kí o lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ. Kì í ṣe pé mò ń fi pamọ́ fún ọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò dùn ún sọ, èyí tó dùn sì kéré débi pé mò ń ṣahun rẹ̀. Ó yá, gbọ́ èyí tó dùn.

Èmi ni mò ń gbọ́ rédíò fún ẹgbẹ́ wa. Etí ni iṣẹ́ tèmi náà, bóyá ibẹ̀ lo ti jogún rẹ̀. A ti wà létí odò abẹ́ afárá náà láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ títí ó fi dá, nínú ẹrẹ̀, a sì ti sin ènìyàn púpọ̀ síbẹ̀. Alágbàfọ̀, tó máa ń bá wa fọ aṣọ tó sì máa ń kọrin bí kò tiẹ̀ mọ orin, ibẹ̀ ló wà. Ibà ló pa á, kò sì sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ afárá, mò ń yí rédíò kiri, mo bá gbọ́ pé wọ́n ti fọwọ́ síwèé, ogun ti parí. Mo dúró títí wọ́n fi tún un sọ. Mo wá sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé yóò fò lọ. Wọn ò gbà mí gbọ́. Gìrìpá ní bí mo bá ń parọ́, òun yóò fi wáyà rédíò náà so mí mọ́gi. Ọ̀gá wa gba ohun tí mo fi sétí, ó fi sétí tirẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Nígbà náà ni gbogbo wa fi eré sí i.

Afárá yẹn ni ọ̀nà ilé, ọmọ mi. Ilé là ń sáré lọ. Ìbọn kankan kò dún lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn tá a jọ ń jà náà ti gbọ́ ohun tí a gbọ́. Ẹnu wa tí o rí tó là, "Ó ti parí" là ń pariwo, àwọn mìíràn sì kàn ń pariwo lásán. Gìrìpá so ìkòkò mọ́ ẹ̀yìn nítorí ó ti búra pé òun ò ní fi í sílẹ̀ fún ìjọba, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì, ó ṣubú gbì, ìkòkò já, ó ń yí gbirigbiri wọ inú odò lọ. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni tó ń yà wá ní fíìmù dúró lórí àgbá epo kan, ẹ̀rín náà pa á débi pé kò lè di kámẹ́rà mú dáadáa mọ́, díẹ̀ ló kù kó jábọ́. Bọ́ǹbù tí o fi sí àwòrán tó mì yẹn, ẹ̀rín ni.

Mi ò bá ọ wí o. Àwòrán tí kò lè fọhùn ni wọ́n gbé fún ọ. O rí ẹni tó ń sáré, o rí ẹni tó ṣubú, o sì mọ̀ pé ogun ni; ta ni kò ní fi ìbọn sí i? Ìròyìn kò tó àfojúbà, àwa tí ọ̀rọ̀ ṣojú wa sì ti ń tán lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ kí ìparí oṣù tó dé. Ó lè sọ pé ariwo ló ń mú kí ènìyàn wo fíìmù ogun. Sọ fún un pé òkú tó pa wà láàyè, ó ń rán kọ́tìnnì, ó sì ṣe tán láti wá kí i nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Bí àwòrán bá ṣì kù lẹ́yìn ibi tó ti ṣubú, kí wọ́n fi kún un. Bí kò bá sí, kí ọ̀gbẹ́ni olóhùn ìsìnkú yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dìde.

Ní ti ìbọn, yọ ọ́ kúrò. Èmi àti Gìrìpá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Ẹtì. A ó wọ bàtà, a ó rìn lórí pákó fún ọ nínú yàrá náà, a ó sì pariwo ohun tí a pariwo nígbà yẹn. Ohùn wa ti gbó, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni. Ìyàwó rẹ̀ ti ń bá a jà, pé ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi ló fẹ́ lọ sáré. Ó ní òun ò lọ sáré, iṣẹ́ ni wọ́n gba òun sí. Jọ̀wọ́, sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín pé kó má lé àwọn bàbá méjì kan.

Ọlọ́run yóò máa bá ọ ṣọ́ etí rẹ àti ọwọ́ rẹ. Iṣẹ́ rẹ kò ní di ẹ̀gàn. Ilé rẹ yóò tòrò, ìwọ àti ọkọ rẹ ò ní sunkún ara yín. Láyé rẹ, o kò ní gbọ́ ìró ìbọn kankan ju èyí tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe lọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó ń fi ọ́ yangàn káàkiri àdúgbò.

Àfikún: Ó ku ohun kan tí mo gbàgbé. Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, mo padà lọ láti gbé Gìrìpá dìde. Ó nà gbalaja lórí afárá, ó ń wo ojú ọ̀run, kò tiẹ̀ gbìyànjú àtidìde. Mo na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Fi mí sílẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó ń lé wa mọ́." Mo bá jókòó tì í. Bí o bá dé ibẹ̀, má fi ìró kankan sí i.