Ohun Tí Ẹ Ń Gbọ́ Nínú Irin

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ilẹ̀ Ìfọ̀ tù yín lára? Èmi ṣì wà ní Mowe, mo ṣì ń jí ní ìdájí kí n lè bá mọ́tò Èkó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ ò lóye iṣẹ́ mi ní yunifásítì rí, ẹ̀bi mi ni, mi ò jókòó ṣàlàyé rẹ̀. Kò kúkú jìnnà sí tiyín. Ẹ̀yin a máa fi òòlù kan irin rélùwéè, ẹ ó di ojú òsì, ẹ ó dẹ etí, ẹ ó sì mọ ibi tó ti sán. Èmi ń ti ìró bọ inú irin tó kéré bí èékánná, láàárín òòfà ńlá méjì. Àwọn kóró tíntìntín wà nínú irin náà, wọ́n ń pòyì bí òkòtó. Ìgbì rédíò ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, awọ irin lásán ló mọ. Ìró ló ń wọlé dé mùdùnmúdùn. Tí ìró bá bá ìpòyì wọn mu, wọ́n á bù díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi hàn pé ó dín kù.

Bàbá, ìró yìí ga ju ohun tí etí ń gbọ́ lọ. Ajá gan-an ò lè gbọ́ ọ. Àmọ́ láti bí oṣù mẹ́ta, eyín mi ń mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo kọ̀yìn sí ẹ̀rọ, mo ń fi bírò sàmì sórí bébà nígbàkígbà tí èrìgì mi bá tutù. Nígbà tí mo yíjú padà, àmì mi àti ti ẹ̀rọ bára mu wẹ́kú. Háà! Orí mi wú.

Ṣé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára yín nìyẹn? Lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì, tí ẹ ń kan irin fèrèsé, irin bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ ń dẹ etí bí ẹni tí wọ́n ń pè? Èmi ọ̀mọ̀wé ni mo pè é ní àrùn ogbó. Èmi náà ni mo gba òòlù yín, mo tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ẹ ò bá mi jà. Ìka lẹ fi ń kan irin bẹ́ẹ̀dì títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lánàá, Ràlíá ọmọ mi bá mi níbi tí mo ti tẹ etí mọ́ irin géètì. Ó wò mí, ó rọra fà mí lọ́wọ́ wọlé bí ẹni ń fa aláìsàn. Ojú tí mo fi ń wò yín gan-an ló fi wò mí.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni kí n bi? Ṣé ó máa ń lọ? Àbí ńṣe ló ń le sí i?

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n tó já òòlù yẹn gbà, ẹ ti kan irin fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá wò mí lójú bóyá èmi náà gbọ́. Mo mi orí pé rárá.

Mo gbọ́ ọ, Bàbá. Irin náà dáhùn.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín tìtìjú-tìtìjú.