Àdín Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Jímọ̀, 9 Oṣù Kìíní, 2026
Bàbá Muhydeen, ọkọ mi, àádóje ọjọ́ rèé tí ẹ ti lọ. Mo parí tákàbá lónìí. Wọ́n ní kí n dúpẹ́. Inú ló ń bí mi.

Ishaq àbúrò yín wá — Lèmọ́mù Àbọ̀, bí mo ṣe ń pè é lábẹ́lẹ̀. Ó jẹun tán, ó ń fọwọ́ ra etí òsì tí ajá bù jẹ nígbà èwe rẹ̀, ó ní kí n kó irinṣẹ́ ìgbẹ́gi yín jáde, òun ó dáná sun wọ́n ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pé ère tí ẹ gbẹ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ń dá yín lẹ́bi ní sàréè. Owó ilẹ̀kùn yẹn lẹ fi rán an níléèwé. Mo palẹ̀ abọ́ mọ́.

Àbámẹ́ta, 10
Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ fi sọ ọ́ nípa ilẹ̀kùn yẹn: "Zulaihat, n ó mú ọ lọ wò ó, jẹ́ kí n tún ojú ẹnì kan ṣe ná." Ojú ta ni? Ẹ lọ láì mú mi débẹ̀. Ẹ̀yin náà ń bí mi nínú.

Ìṣẹ́gun, 13
Mo gun ọ̀kadà láti Ọjà'ba. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn fúnra mi.

Ẹ ò sọ fún mi pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. Ògiri olókùúta, ó nípọn débi pé ariwo ìta ò wọlé. Gíláàsì aláràbarà lójú fèrèsé — oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, ó da búlúù àti pupa sórí bàtà mi. Igi òrùlé wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí. Ìyá tó ń gbálẹ̀, Màmá Edith, wo ìbòrí mi: "Ẹ rọra o, Àlàájà. Tí ọrùn yín bá kán síbí, kí la fẹ́ wí fún Lèmọ́mù?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ.

Mo wá bèèrè ilẹ̀kùn yín. Ó ní ibẹ̀ ni mo gbà wọlé.

Ọ̀dà. Ó ń dán, ó nípọn bí ẹ̀kọ. Kò sí ojú, kò sí imú. Ọ̀gbẹ́ni Olúwajùwọ́nlọ tó ń bójú tó àtúnṣe ní: "Màmá, igi náà ti funfun, ó ń sán. A fẹ́ kó dán fún jùbílì ni." Kò gbèrò ibi — ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Mo ní ta ló ń fi àdín pa á kí ọyẹ́ tó dé? Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ń pa á rárá. Ọdọọdún lẹ̀ ń gbé àdín lọ, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọyẹ́ kan péré láìsí yín.

Ọjọ́rú, 14
Ọ̀gbẹ́ni Olúwajùwọ́nlọ gbà kí n ha ọ̀dà náà kúrò. Mo ti kó irinṣẹ́ yín lọ síbẹ̀. Kí Lèmọ́mù Àbọ̀ wá jókòó ti ìṣáná rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 17
Ishaq tọ̀ mí wá síbẹ̀ tìbínú-tìbínú. Mo ń fi táínà tó ń yọ ọ̀dà àti ọ̀bẹ kékeré yín ha ojú ẹnì kan — ọmọ-ẹ̀yìn tó sùn lọ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbàdúrà, Màmá Edith ló ṣàlàyé. Ère náà lanu sílẹ̀. Etí òsì, ajá ti bù ú jẹ. Ojú tí ẹ ní ẹ̀ ń tún ṣe nìyí.

Ishaq fọwọ́ kan etí tirẹ̀. Màmá Edith wò ó, ó wo ilẹ̀kùn. "Háà, ẹ̀yin rèé. Kí wọ́n tó kùn ún, tí mo bá ń kọjá láàárọ̀, mo máa ń ní kẹ́ ẹ jí."

Ishaq yíjú sí mi. "Ìyá Muhydeen, ẹ kùn ún padà."

Mo ní rárá. Ó lọ. Kò dárúkọ irinṣẹ́.

Àwọn ojú yòókù ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà. N ó ha wọ́n tán. Tí ọyẹ́ bá sì ti fẹ́ dé, lọ́dọọdún, èmi ni n ó máa fi àdín pa á.