Óòtì tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Àṣàkẹ́, Èmi Ni Mo Ń Jẹ Ẹ́

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku. Mo kí Rájí àbúrò mi tí yóò ka ìwé yìí, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ẹni tó ń jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa l'Ọ́yọ̀ọ́. Rájí, kọ́kọ́ kà á fún ìyá wa nìkan nínú yàrá. Bí wọ́n bá gbọ́ tán tí wọ́n ní ó dáa, kí o wá kà á síta kí gbogbo ilé gbọ́. Ṣìfáwù ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́.

Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń dà mí láàmú láàárọ̀ nítorí òtútù ọyẹ́. Mo ń ta ògì lẹ́nu ọ̀nà kí n má baà jókòó lásán sílé ọkọ ọmọ mi. Ó ń tà díẹ̀díẹ̀. Láyé Sáàpù ìjọba yìí tí gbogbo nǹkan wọ́n, tí búrẹ́dì ti di oúnjẹ olówó, ológì ni wọ́n ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ìlú onílùú ni. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ níbí. Ìyá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn kí wọ́n tó fún mi ní orúkọ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ti agolo óòtì, ọkà òyìnbó tí à ń sè bí ògì, tí ẹ fi rán awakọ̀ sí Àṣàkẹ́, ọmọ Ṣìfáwù. Ẹ rántí pé dókítà ti sọ pé ìfun ọmọ náà kò gba àlìkámà, pé òun ló ń jẹ́ kí ikùn rẹ̀ wú, kí ó máa ya ìgbẹ́ gbuuru, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì, kò gbọdọ̀ jẹ bísíkíìtì, kò gbọdọ̀ fẹnu kan makaróní. Ẹ gbọ́, àánú ṣe yín. Ẹ ta àgbébọ̀ adìẹ yín, ẹ ra óòtì ní Ọjà Akẹ̀sán. Ẹ ní ẹni tó tà á búra fún yín pé kì í ṣe àlìkámà. Kò parọ́.

Àṣàkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju ògì mi lọ. Èmi ni mo ń sè é fún un, mo ń fi mílíìkì àti ṣúgà sí i. Nígbà tó yá, ikùn tó ti ń fà sẹ́yìn tún wú, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ó bá fẹ́ yàgbẹ́. A gbé e padà lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kí a ka gbogbo ohun tó ń jẹ. Ṣìfáwù kà á: ògì, iṣu, ìrẹsì, ẹ̀wà, óòtì. Dókítà dá a dúró lórí óòtì.

Mo bá a jiyàn. Mo ní óòtì kì í ṣe àlìkámà, pé ìyá mi ti bi ẹni tó tà á. Ó ní òótọ́ ni, Màmá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ní irú àìsàn yìí tí wọ́n ń jẹ óòtì tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, pé àwọn dókítà pàápàá ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín, àlìkámà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóko, ẹ̀rọ kan náà ló sì sábà ń lọ̀ wọ́n. Ó ní àwọn ọmọ mìíràn tún wà tí ìfun wọn kò gba óòtì rárá, bó ti wù kó mọ́ tó. Òun kò lè sọ èyí tí Àṣàkẹ́ jẹ́, nítorí náà kí a jáwọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi le dáadáa. Bí a bá fẹ́ dán an wò lọ́jọ́ iwájú, ojú òun ni kí a ti ṣe é. Mo ní bí a bá fọ̀ ọ́ bí ìrẹsì ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, kò ṣeé fọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ló yé mi. Bí mo bá gbé àgbàdo ògì dé ẹnu ẹ̀rọ tí mo bá aláta níwájú, mi ò ní lọ̀ tẹ̀lé e. Bí wọ́n da omi sí ẹ̀rọ náà títí, ògì yẹn á ta ọmọ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó bu ata sí i o, inú ẹ̀rọ ni ata ti wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni óòtì yín ṣe rí lójú mi. Ọwọ́ yín mọ́.

Agolo náà ṣì kù ju ìdajì lọ. Mi ò lè da ẹ̀bùn ìyá mi nù. Mi ò lè dá a padà sí yín. Bí mo bá fún àwọn ọmọ agboolé, Àṣàkẹ́ á bá wọn lá abọ́. Mo wá ń jẹ ẹ́ fúnra mi lẹ́yìn ilé ìdáná, nínú igbá tèmi, kí ó má baà kan abọ́ ọmọ. Kò tilẹ̀ dùn. Ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ilá tó sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àna mi, ìyá ọkọ Ṣìfáwù, yà síbẹ̀ wá mú òṣùká rẹ̀, ó ń gbé igbá tó ń tà lọ sí Ọjà Igbó. Àṣàkẹ́ tẹ̀lé e. Wọ́n bá mi lẹ́nu oúnjẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí ènìyàn bá bá mi nídìí oúnjẹ, kí n pè é. Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ, mo ní ẹ wá jẹun o. Àna mi ní òun ti yó. Àṣàkẹ́ ò yó. Ó ní Màmá pe òun, ó ki ọwọ́ bọ inú igbá. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, mo gbé igbá náà sókè. Ìyá mi, ẹ wò mí bí mo ṣe dúró: èmi arúgbó, igbá lókè orí, ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣeé kà ń fò nísàlẹ̀, ó ń ké pé óòtì òun ni, pé Màmá ní dókítà ní kí òun má jẹ ẹ́, Màmá wá ń jẹ ẹ́.

Àna mi ní háà, Ìyá Ọ̀yọ́, ẹ̀yin náà! Ó ní àṣé oúnjẹ tí dókítà gbà lẹ́nu ọmọ, ẹnu ìyá àgbà ló gbé e sí. Ó ní bí ebi bá ń pa yín, ẹ bá ti sọ, a kì í ṣe ahun nílé yìí. Ó ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó mú òṣùká rẹ̀, ó lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ agboolé ti ń pè mí ní Ìyá Olóòtì.

Ṣìfáwù fẹ́ lọ sọ òtítọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀, mo ní kó jókòó. Wọn ò mọ ibi tí óòtì náà ti wá; bí a bá là á, ohun tí a ó sọ ni pé oúnjẹ tí ìyá mi fi ránṣẹ́ ló tún dá ọmọ wọn dùbúlẹ̀. Mi ò lè jẹ́ kí àna gbọ́ ìyẹn kí ẹ̀yin tó gbọ́ ọ. Kí wọ́n pè mí ní wọ̀bìà ná. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mi ò ní pa irọ́. Ojú ń tì mí lẹ́nu ọ̀nà tí mo ti ń ta ògì. Ti ọmọ yẹn ló burú jù. Ó gbà pé mo jí oúnjẹ òun jẹ, kò bá mi sùn lórí ẹní mọ́.

Àna mi ń bọ̀ wá sí Akẹ̀sán lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ láti ra igbá, ó ní òun yóò yà kí yín. Ohun tó fojú rí ni yóò sọ. Ẹ má bá a jà. Ẹ fún un lómi mu, kí Rájí sì ka ìwé yìí sí i létí. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó gbọ́, ẹ fà á ya, kí n máa jẹ́ Ìyá Olóòtì lọ.

Ikùn Àṣàkẹ́ ti ń fà. Ẹ má fi óòtì ránṣẹ́ mọ́. Bí a bá wá ṣe Iléyá l'Ọ́yọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan sí i lọ́wọ́ láìbi Ṣìfáwù.

Mo ha ìsàlẹ̀ agolo náà láàárọ̀ yìí, ó tán. Oúnjẹ lẹ fi ránṣẹ́ pé kí ọmọ yín jẹ. Ọmọ yín jẹ ẹ́, kò ṣòfò.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ojú má ti ẹ̀yin nítorí mi. Mo kí ará ilé, mo kí ará oko.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́