Àádọ́ta Mítà láti Ẹnu Ọ̀nà Ilé Wa

Adéṣọlá ọmọ mi ní Àbújá,

Níbo ni àádọ́ta mítà náà ti bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ kí ọ ná. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ Ìkẹ́rẹ́ yóò ṣọ́ Àbújá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń rò ó pé iṣẹ́ tibẹ̀ yóò pọ̀ fún un ju tibí lọ. Ara ìyá rẹ le, iṣu ti ta, ewúrẹ́ sì bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ tí o fi ránṣẹ́ ni. O ní dókítà fẹ́ kí n máa rin ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún márùn-ún lójúmọ́, aago yóò máa kà á, ìwọ yóò sì máa rí i lórí fóònù rẹ, pé bí kò bá pé títí ìparí oṣù yìí, o ń bọ̀ wá mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ. Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n ilé yín tó wà lókè téńté yẹn kò ní ibi tí mo lè gbin ìdí ẹ̀fọ́ kan. Nítorí náà mo fara balẹ̀ ka ìwé inú páálí rẹ̀. Ó ní omi kò ní wọ aago náà dé àádọ́ta mítà. Kò sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Mo rò ó títí, mo ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹni tó ni aago ni, níbo tún ni?

Bẹ́ẹ̀ ni mo mú okùn, mo wọn àádọ́ta mítà síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì, mo ri èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀. Kànga wà láàárín èèkàn, mo ń fa omi níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Oko àti odò wà lẹ́yìn èèkàn, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́, n kò jẹ́ gbé aago rẹ débẹ̀. Mo wá ń yí ilé po, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Oyèwọlé ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé òdìkejì yọjú lójú fèrèsé, ó bi mí pé kí ni mo sọ nù tí n kò tíì rí láti Mọ́ńdè. Ìyá rẹ dá a lóhùn pé làákàyè mi ni, kí ó bá wa wá a. Ó tún ní uṣu mi lóko ń béèrè bóyá mo ti kú.

Ní Tọ́sìdeè, ewúrẹ́ já okùn, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá èèkàn, ó dorí kọ odò. Mo sá tẹ̀lé e, n kò rántí aago. Òjò dé bá mi lọ́nà. Mo fi ọwọ́ há abíyá, ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí mo délé, tí omi ń ro tótótó lára mi, aago ṣì ń ka ìṣísẹ̀. Mo ní bóyá díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kú.

Mo lọ bá Precious, ọmọ Oyèwọlé, tó ń kọ́ni ní físíìsì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ìwúwo omi ni: bí omi tó jìn tó àádọ́ta mítà yóò ṣe tẹ nǹkan ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ wò nílé iṣẹ́ wọn, nínú omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni gbé e dé ibẹ̀. Ó ní òjò kò lè ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n kí n má fi wẹ omi gbígbóná, kí n má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, torí rọ́bà inú rẹ̀ tó ń dí omi lọ́nà máa ń gbó. Mo bi í bóyá ó ti rí omi tó jìn tó àádọ́ta mítà rí. Ó ní rárá. Mo ní à jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ni àwa méjèèjì fi ń rìn.

Síbẹ̀, mo fi aago náà sínú garawa omi tútù fún wákàtí kan, mo jókòó tì í. Ó yè. Ó tilẹ̀ ní ọkàn ń lù lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Bí o bá rí ìyẹn lórí fóònù rẹ, èmi kọ́, garawa ni.

Lánàá mo rin ẹgbẹ̀rún méje, oko ni mo lọ. Aago kò bẹ̀rù omi mọ́, ó ku bàtà mi. Jọ̀wọ́, fi owó bàtà rọ́bà ránṣẹ́, kí o fi ti ìyá rẹ sí i, ó ní òun ń bá mi lọ kí uṣu. Má wá mú mi lọ mọ́, Adéṣọlá. Wá kí wa, wá jẹ iyán. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o bọ́ sínú omi tó jìn ju agbára rẹ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlájídé

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ń lọ fa èèkàn tu. Ìyá rẹ ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀, òun ti so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Mo ti pa fìtílà.