Íǹṣì Méjì Tí N Kò Fi Kún Gíga Colter

                                        Ilé 309, Òpópónà Walnut,
                                        Tilden Prairie,
                                        Kansas.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Twila, ẹni bí ìyá fún mi,

Kí n tó kí yín rárá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ná owó yín. Ẹgbẹ̀ta dọ́là lẹ fi ránṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá. Owó ìwọlé sí àgọ́ ìdánwò bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, $85. Epo ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, $58. Yàrá fún alẹ́ kan ní ilé ìtura ẹ̀bá títì, $79. Bàtà bọ́ọ̀lù Colter ọmọ wa, $94. Oúnjẹ èmi àti òun fún ọjọ́ méjì, $31. A gbé búrẹ́dì àti ẹran láti ilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó àwọn tó bá a to fídíò rẹ̀ pọ̀ kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá lè rí i, $149. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $496. Ó ku $104.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Tulsa? Orúnkún Wendell ọkọ yín ńkọ́, ṣé ó ti ń lè gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ Denise ńkọ́, ṣé ikọ́ wọn ti lọ? Níbí, omi dì nínú páìpù ilé wa lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù Kìíní. Janelle ìyàwó mi ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀wù tí ẹ hun fún òun kò kúrò lára òun láti ìgbà náà. Ara èmi náà le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Bí mo bá kọ ìlà mẹ́rin, màá dìde, màá lọ sí ojú fèrèsé, màá tún padà wá jókòó.

Ọ̀rọ̀ Colter àti bọ́ọ̀lù náà ni. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí àwa wà ní ilé ìwé, ogójì ọmọkùnrin ló ń dé àkoto, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́dún yìí mẹ́tàlá ni wọ́n. Oko ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀, àwọn ìdílé ti kó lọ, nítorí náà ẹni mẹ́jọ mẹ́jọ là ń gbá báyìí dípò mọ́kànlá. Colter ló ń lé ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù, á sì gbé e ṣubú. Mo kà á: ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ló gbé ṣubú ní ìdíje mẹ́sàn-án.

Lẹ́tà yunifásítì tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé sí yín lọ́jọ́sí, orúkọ Colter ló wà lórí rẹ̀, ìbuwọ́lùwé akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà wà nísàlẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi í há ara ògiri ilé ìdáná. Nígbà tí a dé àgọ́ náà ní oṣù Kẹfà, ọmọ irínwó ó lé méjìlá la bá níbẹ̀, olúkúlùkù wọn ló sì gba lẹ́tà tirẹ̀. Ọmọ Gib Hoerner tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn náà gbà á. Ọmọ yẹn ti kán lẹ́sẹ̀, fèrè ló ń fọn nínú ẹgbẹ́ olórin ilé ìwé láti ọdún kan. Orí ìdúró ni mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀: 412 lọ́nà $85 jẹ́ $35,020.

Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó burú jù kì í ṣe owó yẹn. Kí a tó lọ, wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ kí a kọ gíga ọmọ àti ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Kóòṣì Friesen tó ń kọ́ wọn nílé ìwé ti kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí wọ́n ń tà lójú pápá pé Colter ga tó ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́ta, pé ó wọn pọ́ùn 235. Ẹ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń wọn ọkọ̀ ọkà, mi ò kọ ohun tí òṣùwọ̀n ò bá sọ rí. Mo mú ọmọ náà dúró ti férémù ilẹ̀kùn, mo sì mú un gun òṣùwọ̀n. Ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íǹṣì kan, pọ́ùn 218. Ohun tí mo kọ nìyẹn. Ní àgọ́, àwọn tí fọ́ọ̀mù wọn sọ pé wọ́n ga ju ẹsẹ̀ mẹ́fà àti íǹṣì méjì lọ ni wọ́n pè sí apá ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà dúró sí. Wọ́n lé àwọn tó kù, Colter wà lára wọn, lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi sáré níbẹ̀ láìsí ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, mo ń gbọ́ rédíò níbi iṣẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn kan náà ní òun ti rin gbogbo ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ yìí já, òun ò rí ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù, pé Texas àti Florida lòun ti máa kó ọmọ. Gib wà lórí òṣùwọ̀n mi nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ó yọ orí síta.

“Darrel, ṣé o gbọ́? Ó ní kò sí ènìyàn níbí!”

Mo ní, “Jọ̀ọ́, wa ọkọ̀ ẹ kúrò lórí òṣùwọ̀n mi, ìwọ ẹni tí ò sí níbí.”

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo pa rédíò náà.

Nígbà tó di oṣù Kìíní, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní yunifásítì náà, Dupree lorúkọ rẹ̀, ń kọjá lọ síbòmíràn, ó yà sí ilé ìwé wa. Kóòṣì Friesen pè mí, mo sì sá kúrò níbi iṣẹ́ fún wákàtí kan tí wọn ò ní san fún mi. A bá Colter níbi tó ti ń gbé irin. Dupree wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ, ó tún wo ìwé.

“Ta ló kọ eléyìí?”

Mo ní, “Èmi bàbá rẹ̀ ni.”

“Ọ̀gá, ṣé bó ṣe rí gan-an lẹ kọ ọ́?”

“Báwo ni ǹ bá ṣe kọ ọ́?”

Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Gbogbo bàbá ló ń fi íǹṣì méjì kún ọmọ tiẹ̀! Àwa náà mọ̀, a máa ń yọ méjì yẹn kúrò ká tó wo orúkọ. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ yín ò tó ẹsẹ̀ mẹ́fà.”

Mo bi í pé ṣé wọ́n lè tún un ṣe. Ó ní owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọdún yìí ti tán, àwọn ará Texas ti gbà á. Àmọ́ àyè wà fún Colter láti wá sínú ẹgbẹ́ wọn, kó máa bá wọn ṣe ìdánrawò, kí àwa máa san owó ilé ìwé fúnra wa. Bó bá ṣe dáadáa, lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn á wò ó. Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ “àwọn á wò ó” yẹn sílẹ̀ fún mi. Ó ní, “Kò sí ìwé fún irú ẹ̀, ọ̀gá.”

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan pẹ̀lú ń fẹ́ Colter. $38,200 ni wọ́n ń gbà lọ́dún, wọ́n á fún un ní $17,500 nínú rẹ̀, ó ku $20,700. Yunifásítì tí kò fún wa ní nǹkan kan jẹ́ $22,800. Mo rí i pé $2,100 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fi dín lọ́dún, $8,400 ní ọdún mẹ́rin, wọ́n sì ṣèlérí pé láti ọjọ́ kìíní ló máa gbá bọ́ọ̀lù. Mo kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo gbé e síwájú rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Janelle ní, “Darrel, jẹ́ kọ́mọ jẹun ná.”

Colter kà á tán. Ó ní, “Bàbá, ìṣirò yín pé. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ iye tí mo jẹ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí èmi lọ fi ara mi hàn wọ́n lọ́tẹ̀ yìí.”

Kò pariwo. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń rìn káàkiri ilé. Bó bá lọ síbẹ̀ tó jẹ́ pé àpò ìdánrawò tí wọ́n ń kọlù ló ń dì mú fún àwọn ará Texas fún ọdún mẹ́rin ńkọ́? Bí mo bá dá a dúró, tí òótọ́ mi sì gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Lọ́jọ́ Túsìdeè mo sọ fún un pé kó máa lọ.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìfọwọ́síwèé, tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ sí ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó gbà wọ́n fún eré ìdárayá. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá, wọ́n to fìlà ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀, gbogbo ilé ìwé jókòó. Ọmọ ọ̀dọ́bìnrin méjì ló ní ìwé tiwọn, Colter ò ní. Ìyáàfin Penner, ọ̀gá ilé ìwé, rí i pé ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fa ìwé funfun kan yọ látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó gbé e síwájú rẹ̀.

“Jókòó, jàre. Fọwọ́ sí i. Fọ́tò ò ní mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.”

Colter dé fìlà yunifásítì, ó sì fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó fara balẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wà lókè rẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Gib dìde dúró láti pàtẹ́wọ́ tiẹ̀. Ní tèmi, ọwọ́ Colter ni mò ń wò. Nígbà tí wọ́n tú ká, mo mú ìwé náà kí ẹni tó ń gbálẹ̀ má baà kó o dànù. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí. Mo ti yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ bá mi kí Wendell, kó má gbé nǹkan wúwo. Ẹ kí Denise àti àwọn ọmọ rẹ̀. Janelle àti Colter ń kí yín, Colter ní òun máa kọ̀wé fúnra òun. Kí ojú wa rí ara wa láìpẹ́.

Àbúrò yín tí ò sinmi,
Darrel Ratzlaff.

Mo tún owó náà ṣírò lẹ́yìn tí mo fọwọ́ sí lẹ́tà yìí. Sáà àkọ́kọ́ ní yunifásítì, $11,400. Èyí tó wà ní báńkì, $4,860. Èyí tí ìjọba máa yá Colter, $2,750. Èyí tí a gbọ́dọ̀ san kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ, tí a kò tíì rí: $3,790.