Wáyà Tí Bàbá So Sísàlẹ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Àlhájì Yẹ̀kínnì Ọláyíwọlá (1949–2025)

Ọdún 1949 ni a bí olóògbé ní Mushin, sínú ilé Sàlíhù káfíńtà, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Igbó, àti Jemilat aya rẹ̀. Ó kéwú, ó sì parí ìwé mẹ́fà ní 1962. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé kò sí rédíò tó bàjẹ́ ládùúgbò tí Yẹ̀kínnì kò ní tú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí tò padà.

Ní 1971, ó wọ iṣẹ́ rélùwéè ní Ìjọra, ó ń tọ́jú wáyà tẹlifóònù ojú irin títí ó fi fẹ̀yìntì ní 2004. Ó gbé Kùdírátù níyàwó ní 1976. Wọ́n kọ́lé sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, wọ́n sì jọ lọ sí Mẹ́kà ní 2010. Òun ló ń tún gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àdúgbò ṣe, kò gba kọ́bọ̀ rí.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba láti máa bá àwọn onírédíò ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú ilé. Ó ri òpó irin gíga mọ́ òrùlé, ó so áńténà mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ dé Bràsíìlì, kò dé Ìbàdàn. Àwọn aládùúgbò ń bẹ̀rù àrá, Àlhájà sì ń bẹ̀rù kí ọkọ òun má baà já bọ́ láti orí páànù.

Ìjì wó òpó náà ní 2019. Bàbá ti pé àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ sì fi àáké kọ́rí pé kò ní gun òrùlé mọ́. Ló bá so wáyà mọ́ ògiri, ó fà á dé ara igi fúrúùtù, kò ga ju ìdúró àgbà méjì lọ. Àlhájà rò pé okùn aṣọ ni ọkọ òun ṣe fún òun. Ó gun àpótí, ó fi ìró àti búláòsì kún orí wáyà náà. Bàbá fajúro. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni Akínlabí, olùkọ́ kan ní Ìṣẹ́yìn, dá a lóhùn ketekete. Àṣé wáyà tó ga ló ń ju ohùn sọ́nà jíjìn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń jù ú sókè tààrà, ojú sánmà a sì dá a padà sítòsí. Ni tọkọtaya bá pín in: òwúrọ̀ jẹ́ ti aṣọ, ọ̀sán jẹ́ ti rédíò.

Ní oṣù Keje 2022, Mujeebah, àbíkẹ́yìn wọn, ń rọbí ní ọsibítù kan ní Ìṣẹ́yìn, ìlú ọkọ rẹ̀. Dọ́kítà ti sọ pé ọmọ náà dábùú. Fóònù kankan kò sì wọlé láti àná. Àlhájà kò lè jẹun. Òwúrọ̀ ni, àsìkò tirẹ̀, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ tútù kúrò lórí wáyà. Ó ní, "Bàbá Awwal, ẹ lọ sídìí rédíò yín." Bàbá pe Akínlabí, ìyẹn gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù, ó padà sídìí rédíò tirẹ̀, ó ní: "Ìyá yè, ọmọ yè. Obìnrin ni. Ó kù sọ́wọ́ yín." Báyìí ni àwọn onírédíò wọ̀nyí ṣe ń parí ọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì lè sọ tirẹ̀. Bàbá ní kí Akínlabí tún un sọ. Àlhájà jókòó sórí aṣọ tútù, ó ń sunkún ayọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò jẹ́ kí ọkàn Bàbá balẹ̀: ta ni yóò jókòó sídìí rédíò lẹ́yìn òun? Ẹni tí kò níwèé àṣẹ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2025, Mujeebah gba tirẹ̀. Bàbá yẹ ìwé náà wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Alhamdulillah, ara tù mí." Ó jáde láyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn ìrun Ásárì, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìjẹ̀rora. A dúpẹ́ gidigidi fún èyí.

Ó fi Àlhájà Kùdírátù sílẹ̀, àti àwọn ọmọ: Awwal, Ayọ̀kànmí àti Mujeebah, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje. Azeezah tí rédíò kéde ìbí rẹ̀ wà nínú wọn.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, nígbà tó di ọ̀sán, Àlhájà ká aṣọ kúrò lórí wáyà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Mujeebah jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó pe Ìṣẹ́yìn, ó sì sọ fún Akínlabí pé Bàbá ti lọ sinmi.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ti sọ tiyín tán, a sì gbọ́ ọ ketekete. Ó kù sọ́wọ́ wa.