Ilé Tó Fì Tí Ẹ Fẹ́ Lọ Wò

Djègan-Kpèvi, Àjàṣẹ́
Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù Desáńbà

Mouftaou ọmọ mi,

Kí àlàáfíà máa bá ọ gbé, ìwọ àti Aïchath ìyàwó rẹ àti Imane ọmọ-ọmọ mi. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ bùrọ́ọ̀ ń lọ déédéé? Gbogbo ìrun tí mo bá ń kí ni mo ń dárúkọ yín, n kò fo ẹnì kankan. Àní ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, tí kò fún ọ láyè kí o wálé láti ọdún Iléyá èṣí, mo ń dárúkọ òun náà, mo ní kí Ọlọ́run bá mi rọ ọkàn rẹ̀. Ó jọ pé àdúà náà ti gbà, àmọ́ ibòmíràn ló gbà lọ.

Bí o bá ń béèrè wa, ara wa le, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là, eruku sì ti bo gbogbo ewé mángòrò ẹ̀yìnkùlé. Ewúrẹ́ Naïmath, aránṣọ tí a jọ pín ọgbà, bí ìbejì, ó sì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Fisà nítorí ọ̀rọ̀ yín tó ti gba àdúgbò kan. Ohun kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ kò le nínú ilé yìí ni ògiri iwájú, èyí tí òdòdó sìmẹ́ńtì wà lórí àwọn fèrèsé rẹ̀, tí bàbá mi kọ́ lọ́nà ti àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn ẹrú tó ti òkè òkun padà wálé, tí èmi náà sì tún rẹ́, tí mo mọ àwọn òdòdó náà sí i, nígbà tí o ṣì kéré. Láti ìgbà òjò ló ti ń tẹ̀ síta bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo òpópó. Mo fi igi méjì tì í. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo sì ní atẹ́gùn kò jẹ́ kí o gbọ́ mi dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, bí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì àgbàlagbà ní Houinmè. Gabriel onításì tó ń ná Kútọ̀nù ni yóò mú un wá. Atẹ́gùn kò ní gbé e lọ.

Lọ́jọ́ Ajé ni Naïmath gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ní o wà nínú rẹ̀, o fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo kí ọ, o kò dáhùn, ò ń sọ tìrẹ lọ. Mo tún kí ọ, ò ń sọ lọ. Inú bí mi, mo ní ọmọ tí mo kọ́ fúnra mi ni kò lè dúró kí bàbá rẹ̀ kí i tán. Naïmath wá ní kì í ṣe ìwọ, ohùn rẹ lásán ni, pé àná lo ti sọ ọ́. Èyí tún wá burú jù, nítorí pé o bá mi sọ̀rọ̀ lánàá, o sì ti kúrò níbẹ̀ kí n tó dáhùn lónìí. Ohun tí mo gbọ́ nínú ohùn náà ni pé ìwọ àti ìyàwó àti ọmọ ń lọ wòran ní ilẹ̀ Faransé àti Ítálì nígbà ìsinmi Noẹli, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, àti pé kí n fi ìwé ilé yìí rán Gabriel sí ọ kíákíá, torí pé àwọn tó ń fúnni ní fisà fẹ́ rí ẹ̀rí pé o ní nǹkan nílé tí yóò mú ọ padà.

Mo bi Naïmath pé ta ló kú níbẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní ta ló bímọ, ta ló ń gbéyàwó. Ó ní kò sí. Mo ní kí wá ni wọ́n ń lọ ṣe. Ó ní wọ́n ń lọ wo ilé. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bá mi. Ìwọ, ọmọ mọlémọlé, tí a bí sínú sìmẹ́ńtì àti yanrìn, tó jẹ́ pé bí mo bá ní kí o wá wo bí a ṣe ń rẹ́lé, ikùn ní í máa run ọ́, ìwọ lo wá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ wo ilé. N kò bá Noẹli jà. Ọdún àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ onígbàgbọ́ ni, wọ́n ń gbé ìrẹsì fún wa, àwa náà ń gbé ẹran Iléyá fún wọn. Ṣùgbọ́n láti Kútọ̀nù dé ibí, ká gba Sèmè, wákàtí kan ni, o ní ọ̀nà náà ń rẹ̀ ọ́. Ojú ọ̀run ni kò ní rẹ̀ ọ́.

Mo ní kí Naïmath fi àwọn ilé náà hàn mí, kí n má baà dájọ́ láìrí. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ irin gogoro kan. Mo wá ògiri rẹ̀, n kò rí. Mo wá òrùlé, n kò rí. Mo ní ilé yìí kò tíì parí, owó ló tán lọ́wọ́ onílé, irú wọn pọ̀ lójú ọ̀nà Sèmè tí irin yọ gòǹgò lórí wọn, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò wọn láti inú tásì. Naïmath ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti parí rẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá pe ìyẹn ní píparí, wọ́n tètè rẹ̀wẹ̀sì ni. Èkejì jẹ́ ilé ràbàtà róbótó kan tí apá kan rẹ̀ ti wó. Wọ́n mọ̀ pé ó wó o, ojú kò tì wọ́n, wọ́n tún ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ni kò jẹ́ kí n sùn. Ilé gíga funfun kan, òpó yí i ká, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ẹmu ń pa. Naïmath ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́jọ ló ti fì bẹ́ẹ̀. Mo ní nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọn kò rí mọlémọlé kan ṣoṣo pè? Ìwọ fúnra rẹ sì wí nínú ohùn náà pé èyí ni Imane fẹ́ rí jù, pé ẹ ó dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń tì í kó má wó, wọn yóò wá ya yín ní fótò. Mouftaou, ẹ ó na ọwọ́ lásán sí ilé tí kò kàn yín, ẹ ó sì sanwó lé e.

Àánú onílé náà ló wá ṣe mí. Mo sọ lọ́kàn mi pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ mi ti ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kò yẹ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà ni mo ṣe mú okùn ìwọ̀n mi jáde, èyí tí òjé wà nídìí rẹ̀, tí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo gbòmìnira. Mo fi àkísà mímọ́ dì í kí o lè gbé e fún onílé. Kí ó so ó mọ́ òkè ilé, kí ó jẹ́ kí òjé náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò rí ibi tí wọ́n ti ṣìṣe. Bí ó bá bínú, sọ fún un pé mọlémọlé ni bàbá rẹ, kì í ṣe pé a wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo tún di gaàrí fún ẹni tí ẹ ó sùn sílé rẹ̀. Naïmath ní ẹ kò ní rí ẹnì kankan, pé nọ́ńbà ni ẹ ó tẹ̀ sára ilẹ̀kùn tí yóò fi ṣí. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà wọlé onílé ní Djègan-Kpèvi níbí, ariwo olè ni wọ́n ń pa lé e lórí. Mo sì ti di gaàrí náà tán, ẹ wá bí ẹ ó ti gbé e fún ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn tó ń fúnni ní fisà tún fẹ́ rí ìwé bánkì rẹ, kí wọ́n lè mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó ní kí o máa bọ̀. Níbí, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò. Lọ́dọ̀ tiwọn, àpò àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú.

Má rò pé n kò mọ àwọn awòran. Wọ́n wá síbí lóṣù tó kọjá, òyìnbó mẹ́rin àti ẹni tó ń mú wọn kiri, wọ́n dúró síwájú ilé wa, wọ́n ń ya òdòdó orí fèrèsé. Mo jáde, mo kí wọn, mo ní bóyá wọ́n fẹ́ kí n bá wọn ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó mú wọn wá ní wọn kò fẹ́ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wò ni, ó sì bẹ̀ mí kí n sún kúrò díẹ̀ nítorí mo bo fèrèsé. Èmi tí mo fi ọwọ́ mi mọ òdòdó náà. Mo sún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Imane bi mí lórí fóònù pé ṣé ilé mi náà wà nínú fóònù kí òun lè wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Òyìnbó mẹ́rin ti rí ilé bàbá rẹ̀ àgbà, òun kò rántí bó ṣe rí.

Mo dúró nínú ìwé kíkọ yìí fún ìgbà díẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà jókòó ni. N kì í fi irinṣẹ́ tí n kò dán wò fún ẹlòmíràn, nítorí náà mo tú okùn ìwọ̀n náà, mo ní kí n fi ògiri iwájú dán an wò kí Gabriel tó dé. Mo gun àkàbà, mo fi ìṣó kan okùn mọ́ òkè, mo sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìṣó náà sì yọ. Mo tún gùn, ó tún yọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí i kà. Nígbà tí òjò dá, ìka méjì ló fi kúrò lójú ìlà. Ó ti di ìka mẹ́rin. Tí òjò tuntun bá bá a bẹ́ẹ̀, yóò wó, àti òdòdó, àti fèrèsé, àti yàrá tí a bí ọ sí lẹ́yìn rẹ̀.

Okùn ìwọ̀n kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo máa ń wà lókè tí o ń di orí okùn mú, èmi a wà nísàlẹ̀, màá ní kí o sún un sí ọ̀tún, wàá sún un. Ikùn kì í run ọ́ tó bá di ti òkè àkàbà. Mo ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ẹ̀rù sì bà mí lórí àkàbà náà lónìí. N kò ní fi òjé náà rán Gabriel mọ́. Kí onílé tó fì yẹn ní sùúrù, ó kúkú ti mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ ìwé ilé ló kù. Wọ́n ní kí o mú ẹ̀rí wá pé o máa padà sílé. Mouftaou, ẹ̀rí yẹn ni èmi náà ti ń wá láti Iléyá èṣí. Mo ṣí àpótí abẹ́ ibùsùn, mo tú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ìwé ilé wà níbẹ̀, eku kò jẹ ẹ́. Ẹ̀rí pé o máa ń padà sílé ni n kò rí, n kò sì lè fi ọwọ́ sí ohun tí n kò mọ̀ fún àwọn ará Faransé. Wá, ìwọ àti ìyàwó àti ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Bí Imane bá fẹ́ ti ilé kí ó má wó, èyí tó ń fẹ́ ọwọ́ gidi wà níbí, kò béèrè fisà. Lọ́jọ́ tí ògiri bá dúró ni ìwé ilé yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ẹ lè wá máa lọ wo tiwọn.

Bí o bá ń bọ̀, mú owó sìmẹ́ńtì àpò mẹ́jọ dání, àti ti yanrìn, àti ṣúgà díẹ̀. Má fi sínú fóònù. Èyí tí o fi ránṣẹ́ nínú ààwẹ̀, Lafiatou onífóònù tó ń san owó inú fóònù ní kọ̀rọ̀ fún mi ní owó bébà tó ti gbó, mo ní owó ọmọ mi ni mo fẹ́, ó ní tìrẹ kò kúrò ní Kútọ̀nù. Ọwọ́ ni kí o fi mú un wá.

Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ yín gúnlẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti mọ̀ yín. Yóò là yín lójú, yóò la ọ̀nà fún yín, kò ní jẹ́ kí ẹ pàdé aburú lórí ilẹ̀ tàbí lójú ọ̀run. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlámọ̀ mọlémọlé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí ẹ bá dé, kí ẹ kọ́kọ́ ya fótò ilé náà bó ṣe fì yìí kí a tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ti dúró ṣánṣán, kò sẹ́ni tí yóò tún wá wò ó mọ́, àfi ẹni tó bá ní í.